Ẹni Tí Kò Sí Nínú Fótò

Bí o bá ti ya fótò pásípọ́ọ̀tù rí ní Pàháyì, ní ìlú Ìlaròó, àfàìmọ̀ kí Mọ́nsúrátù má ti fi ìka méjì gbé àgbọ̀n rẹ sókè. Kì í tọrọ àyè kó tó ṣe é. Ò báà jẹ́ olùkọ́, ò báà jẹ́ ọlọ́pàá, ò báà jẹ́ àjòjì tó ń wá fótò tí yóò fi gba lésépàsé, ìwé ìrìnnà, kó tó kọjá sí Kútọnu, tí o bá ti jókòó sórí àpótí tó wà níwájú aṣọ funfun yẹn, àgbọ̀n rẹ kì í ṣe tìrẹ mọ́. Yóò gbé e sókè díẹ̀, yóò yí i sósì díẹ̀, yóò ní, "Má mí," yóò sì ti yà ọ́ tán kí o tó rántí pé o fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Obìnrin kúkurú tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ni. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti lo ọdún mẹ́tàlélógójì nídìí iṣẹ́ fótò yíyà. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ti Mọ́nsúrátù tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: kì í wà nítòsí kí orí ẹnikẹ́ni wọ́, ọmọ tuntun àti baálé ilé, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Tí kọ́là rẹ bá ká, wàá padà lọ lọ̀ ọ́. Tí o bá ṣẹ́jú, yóò ya òmíràn. "Fótò tó bá jáde lọ́wọ́ mi kì í lábùkù," ohun tó máa ń wí nìyẹn, ó sì ti wí i títí tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń sín in jẹ. Kì í bínú sí wọn. Ó mọ̀ pé òótọ́ lòun ń sọ.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024, nígbà tí Ẹgbẹ́ Àwọn Ayàwòrán Ìlaròó àti Agbègbè pé ogójì ọdún, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tó mú kí obìnrin yìí bínú láti ọjọ́ kan mọ́ èkejì, kí ó sì wá rí i níkẹyìn pé òun gan-an ni ó yẹ kí òun máa bínú sí. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ìjọba ló dá a sílẹ̀. Ìjọba kọ́. Ebi fíìmù ló bí i.

Lọ́dún 1984, wọ́n ti ẹnubodè pa. Ẹni tó ń gbé ibòmíràn lè má fi bẹ́ẹ̀ fura, ṣùgbọ́n fún ará Yewa, kí wọ́n ti ẹnubodè dà bí ìgbà tí wọ́n ti ilé ìdáná mọ́ ìyàwó ilé síta. Láti Kútọnu ni fíìmù ti ń wọlé. Ibẹ̀ náà ni bébà àti oògùn tí wọ́n fi ń fọ fótò ti ń wá. Kò pé oṣù méjì tí gbogbo onífótò Ìlaròó fi di ẹni tó ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń ka ọ̀kadà tó ń kọjá. Ojú ń ti àwọn míìràn láti sọ fún oníbàárà pé fíìmù ti tán. Wọ́n á gbé kámẹ́rà tó ṣófo kọ́rùn lọ síbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ kàà, kàà, kàà, wọ́n á ní fótò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi kámẹ́rà òfo yà nígbà náà ti bímọ báyìí, fótò náà ò tíì dé.

Oyèwọlé ló wá ronú ohun tó mọ́gbọ́n dání. Òun ni ọ̀gá tó kọ́ Mọ́nsúrátù níṣẹ́, ọkùnrin gíga kan tó jẹ́ pé bó bá ti ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa nu ojú awò kámẹ́rà rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe gbogbo onífótò tó wà láàárín Ìlaròó, Ìdógò àti Ayétòrò, ó ní kí wọ́n wá sí ẹ̀yìnkùlé òun. Ó gbé àpótí onígi kan kalẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, fíìmù tí ẹnikẹ́ni bá rí, ibi yòówù kó ti rí i, inú àpótí yẹn ni kó wà. Ẹni tí iṣẹ́ bá dé bá ni yóò wá mú un. "Bí ẹnì kan bá ní fíìmù tí kò níṣẹ́, tí ẹnì kejì níṣẹ́ tí kò ní fíìmù," ó ní, "àwọn méjèèjì ni ebi yóò pa." Òfin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà ṣe nìyẹn, kò sì tíì yí padà títí di òní. Àpótí náà ṣì wà, mẹ́mórì káàdì àti bátìrì ló kàn wà nínú rẹ̀ báyìí.

Mọ́nsúrátù wà níbi ìpàdé yẹn. Oṣù márùn-ún péré ló ti gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ Oyèwọlé, òun sì nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Àwọn kan ń kùn. Wọ́n ní obìnrin tí yóò lọ sílé ọkọ lọ́la, tí yóò sì gbé kámẹ́rà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ló fẹ́ ṣe nínú ẹgbẹ́? Oyèwọlé ò bá wọn jiyàn. Ó kàn béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Ta ló ní fíìmù nínú kámẹ́rà rẹ̀ lónìí?" Ọkùnrin mẹ́wàá, kámẹ́rà mẹ́wàá, kò sí fíìmù nínú ọ̀kankan. Mọ́nsúrátù na ọwọ́. Ẹyọ fótò kan ṣoṣo ló kù nínú fíìmù rẹ̀, èyí tó fi pa mọ́ fún ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gba ìrìbọmi. Kíkùn parí. Wọ́n gbà á wọlé, ó di ẹni kọkànlá.

Wàhálà míì tún wá dé. Wọ́n fẹ́ ya fótò ọjọ́ náà. Ó yẹ kí onífótò mọ́kànlá lè ya fótò kan, àbí? Irọ́ ni. Ẹyọ kan ló kù, ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́ kò ní sí nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ kúrò. Èyí ní kí ti ọ̀hún dìde, ti ọ̀hún ní òun ló dàgbà jù. Oòrùn ń wọ̀ lọ. Nígbà tó sú Mọ́nsúrátù, ó ní, "Ẹ jókòó jàre," ó dojú kámẹ́rà kọ wọ́n, ó gbé àgbọ̀n wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì yà wọ́n.

Ogójì ọdún kọjá lẹ́yìn náà.

Ẹgbẹ́ ti kọ́lé. Ilé náà wà ní Sábó, ó ní gbọ̀ngàn, ó ní fáànù mẹ́fà. Wọ́n fẹ́ fi òkúta mábù kan sára ògiri ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn olùdásílẹ̀ sí i. Ayọ̀dàmọ́lá, akọ̀wé ẹgbẹ́, ni wọ́n ní kó ṣètò orúkọ náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ayọ̀dàmọ́lá. Orí Yútúùbù ló ti kọ́ iṣẹ́, ó ní kámẹ́rà tó ń fò lójú ọ̀run bí àwòdì, ọmọ dáadáa ni lóòótọ́, ó mọ ìwà hù. Ní ọjọ́ Ajé kan, ó mú ìwé ètò àjọ̀dún náà wá sí ṣọ́ọ̀bù Mọ́nsúrátù pé kó bá àwọn wò ó bóyá àmì orí orúkọ pé.

Mọ́nsúrátù wọ awò ojú rẹ̀. Ó ka orúkọ àwọn olùdásílẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó tún kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mẹ́wàá ni.

"Ayọ̀," ó ní, "orúkọ mi dà?"

"Ó wà ní ojú ewé kẹta, Màmá."

Ó ṣí ojú ewé kẹta. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ọ̀kan lára àwọn ìyá tó ti ń ti ẹgbẹ́ lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Mò ń ti ẹgbẹ́ lẹ́yìn," Mọ́nsúrátù wí. "Ṣé ògiri ni mí ni?"

Ayọ̀dàmọ́lá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ mọ̀ pé ikán ti jẹ ìwé ìpàdé àkọ́kọ́. Ìgbìmọ̀ wá fẹnu kò pé ẹni tó bá wà nínú fótò ọjọ́ náà ni ká kà sí olùdásílẹ̀. Àwa onífótò, kí tún ni ẹ̀rí wa bí kò ṣe fótò?"

"Ta ló wá ya fótò náà?"

"Òǹtẹ̀ Bàbá Oyèwọlé ló wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Torí òǹtẹ̀ tèmi ò tíì jáde lọ́wọ́ ẹni tó ń gbẹ́ ẹ nígbà náà ni! Ayọ̀dàmọ́lá, Oyèwọlé jókòó sí àárín gbùngbùn fótò yẹn. Ṣé sẹ́lífì ló yà lọ́dún 1984 ni?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ló bá tún pa ẹ̀rín náà mọ́ra kíá. "Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní bóyá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ló bá wọn tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ yẹn, ibẹ̀ ló ti dun Mọ́nsúrátù jù. Ó dùn ún wọ eegun. Ọdún mẹ́ta ló fi gbálẹ̀ sítúdíò Oyèwọlé, tó fi ru iná àti sítáǹdì káàkiri, kó tó gba fírídọ̀mù. Ó mọ bí ọmọ iṣẹ́ ṣe rí. Ọjọ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ayọ̀dàmọ́lá rí ojú rẹ̀, àánú sì ṣe é. Ó ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pé lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ni agbẹ́kùúta ní Abẹ́òkúta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fín orúkọ. Bí Màmá bá lè rí nǹkan kan mú wá kí ó tó di ọjọ́bọ̀, ohunkóhun tó ṣeé fojú rí, òun fúnra òun ni yóò gbé e síwájú wọn. Ó dìde, ó lọ. Mọ́nsúrátù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bú wọn kárí, kò yọ alága sílẹ̀.

Toheebat ọmọ rẹ̀ wà nílé lọ́sẹ̀ yẹn. Olùkọ́ ni ní Ayétòrò, ilé ìwé sì wà lọ́lidé. Ó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ bú wọn tẹ́rùn, ó wá béèrè pé, "Màmi, nínú àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹn, ta ló kù láyé?"

Bàrúwà nìkan ló kù.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá àtọmọ wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Ìdógò. Ilé Bàrúwà kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin máa ń dúró sí láyé ọjọ́un, ọkùnrin náà sì ti lé lọ́mọ ọgọ́rin ọdún. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n bá a tó ń bó àgbàdo. Bó ti rí Mọ́nsúrátù lọ́ọ̀ọ́kán ló ti gbé àgbọ̀n ara rẹ̀ sókè.

"Ṣé ó tó báyìí?" ó kígbe.

"Ó kù díẹ̀ lápá òsì, Ẹ̀gbọ́n," Mọ́nsúrátù dáhùn, inú rẹ̀ sì dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná.

Wọ́n rò fún un. Bàrúwà kò jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pe akọ̀wé náà lórí fóònù kíá, kí òun sọ̀rọ̀ sí i létí. Toheebat pè é, ó sì gbé fóònù sókè kí wọ́n lè máa rí ara wọn.

"Ọmọ mi," Bàrúwà wí, "Mọ́nsúrá wà níbẹ̀. Apá òsì mi ló jókòó sí. Oyèwọlé ló ní kí wọ́n fún un ní àga, torí pé obìnrin ni, kó má dúró sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn tó dúró. Àga mẹ́fà la tò síwájú."

Wọ́n gbọ́ tí Ayọ̀dàmọ́lá ń ṣí ìwé. Ohùn rẹ̀ rọ̀ nígbà tó fèsì. "Bàbá, ẹ kú ìrántí. Fótò náà ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹni márùn-ún ló jókòó, ẹni márùn-ún dúró. Ẹ̀yin lẹ wà ní ìparí ìlà àwọn tó jókòó. Kò sí ẹnikẹ́ni lápá òsì yín, kò sì sí àga kankan níbẹ̀. Àbí ọjọ́ mìíràn lẹ ń rántí ni?"

"Orúnkún ló ń dùn mí," Bàrúwà dá a lóhùn, "orí mi pé. Àga wà níbẹ̀! Fótò yẹn gan-an, mo ti ń bá a ṣọ̀tá láti ogójì ọdún. Wọ́n gé mi nígbọ̀nwọ́. Ẹ wo fótò ẹnikẹ́ni, gbogbo ènìyàn ní ọwọ́ méjì, èmi nìkan ni mo ní ọwọ́ kan àti ààbọ̀. Mo fẹ́ mọ ẹni tó gé mi!"

Toheebat rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó máa wo ìyá rẹ̀, ìyá náà ò rẹ́rìn-ín rárá, ìgbọ̀nwọ́ Bàrúwà ló ń wò.

Inú kẹ̀kẹ́ nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ ló tó jẹ́wọ́.

"Èmi ni," ó ní.

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo gé Ẹ̀gbọ́n Bàrúwà nígbọ̀nwọ́."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ tó fọ fíìmù náà nínú yàrá òkùnkùn Oyèwọlé, tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú omi, ó rí i pé gbogbo àgbọ̀n ló gún, kò sẹ́ni tó ṣẹ́jú. Ó ku ohun kan ṣoṣo. Àga tí òun fúnra rẹ̀ dìde lórí rẹ̀, kò rántí láti gbé e kúrò. Ó dúró síbẹ̀ gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàrúwà, kò sí ẹni lórí rẹ̀. Gbogbo onífótò ló sì mọ̀ pé wọn kì í fi àga òfo sílẹ̀ nínú fótò ẹgbẹ́. Ẹni tó bá rí i yóò béèrè pé ta ló kú. Ẹgbẹ́ ọjọ́ kan péré, kí wọ́n ti máa béèrè òkú ibẹ̀! Mọ́nsúrátù ò dúró gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó fi páálí bo ibi tí àga náà wà nígbà tó ń tẹ fótò sórí bébà, ó tún fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ kó lè gún. Ẹ̀dà mọ́kànlá ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí, títí kan èyí tó kọ́ sí pálọ̀ ara rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ Bàrúwà bá a lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti pa á rẹ́ lọ́kàn, torí pé fótò tó bá jáde lọ́wọ́ rẹ̀ kì í lábùkù.

Eérú ń tọ ẹni tó dà á. Ó ti bú ìgbìmọ̀ láti àná, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yọ ara rẹ̀ kúrò.

Toheebat kò jẹ́ kó ráyè ronú púpọ̀. "Fíìmù náà ńkọ́, Màmi? Ẹ ò gé fíìmù."

Àwọn agolo bisikíìtì ni Mọ́nsúrátù ń kó nẹ́gẹ́tífù sí, ọdún kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agolo tirẹ̀, ó sì fi pílásítà lẹ ọdún mọ́ ọn lórí. Wọ́n wọ́ wọn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eruku sọ àwọn méjèèjì di funfun bí ẹfun. Agolo 1984 fúyẹ́ ju àwọn yòókù lọ, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹyọ tó kẹ́yìn lórí fíìmù ọjọ́ náà ni wọ́n ń wá. Toheebat mú kí ojú fóònù rẹ̀ funfun bí ọ̀sán, ó tẹ́ nẹ́gẹ́tífù náà lé e, ó fi fóònù ìyá rẹ̀ yà á, ó sì tẹ nǹkan kan tó sọ dúdú di funfun, tó sọ funfun di dúdú.

Wọ́n jọ wò ó. Ìgbọ̀nwọ́ Bàrúwà nìyẹn lódindi. Àga nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Báàgì Mọ́nsúrátù wà lórí àga náà, òdòdó kan sì wà lára báàgì. Toheebat fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kún ojú fóònù. Òdòdó ríbọ́nì ni, irú èyí tó wà láyà ọkùnrin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ìyàwó Oyèwọlé ló rán an, mọ́kànlá géérégé, ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n fún. Mọ́nsúrátù ti yọ tirẹ̀ láyà torí pé ó ń há mọ́ kámẹ́rà nígbà tó tẹrí wo inú rẹ̀, ó sì fi píìnì rẹ̀ kọ́ ọ mọ́ báàgì.

Toheebat fò sókè. "Ó parí! Màmi, ó ti parí nìyẹn!"

Kò tíì parí. Mọ́nsúrátù jókòó sórí ilẹ̀ láàárín àwọn agolo, ó fa ojú ro. Láti fi fótò yìí han ìgbìmọ̀, ó ní láti dúró síwájú ogójì onífótò, kó sì sọ fún wọn pé òun Mọ́nsúrátù, tó máa ń ní kí wọ́n lọ lọ kọ́là, ló fi àga òfo sílẹ̀ nínú fótò ọjọ́ ìdásílẹ̀, tó sì fi sísọ́ọ̀sì gé e kúrò. Àwọn ọmọ tí Mọ́nsúrátù ti ń pariwo mọ́ nítorí àgbọ̀n wọn láti ogún ọdún sẹ́yìn ni yóò wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

"Wọ́n á fi mí ṣẹlẹ́yà," ó ní.

"Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀," Toheebat gbà fún un. Olùkọ́ ni, kì í fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ènìyàn. "Ẹ wá sọ èyí tí ẹ fẹ́: kí fótò yín má lábùkù, àbí kí orúkọ yín wà níbẹ̀?"

Ní ọjọ́rú, Mọ́nsúrátù lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ya pásípọ́ọ̀tù fún ènìyàn mẹ́tàdínlógún, kò sì gbé àgbọ̀n ẹnì kankan sókè. Obìnrin kan tó ń lọ sí Ìpókíá béèrè lọ́wọ́ Toheebat bóyá ara Màmá ò yá ni.

Ní ọjọ́bọ̀, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù, Mọ́nsúrátù wọ bùbá àti ìró tó lọ̀ fúnra rẹ̀, ó dé gèlè, ó sì ní kí Toheebat mú fóònù náà tẹ̀ lé òun.

Gbọ̀ngàn kún. Kì í ṣe ìgbìmọ̀ nìkan ló wá, òkìkí ti kàn pé Màmá Pàháyì ń bọ̀ wá jà. Mákindé ni alága, ọkùnrin sísanra kan tó máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n fún Màmá ní àga. Mọ́nsúrátù ní òun fẹ́ dúró. Ayọ̀dàmọ́lá so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri, fótò náà sì yọ gbàngbà.

Gbogbo ojú yí sí i. Fótò tí wọ́n ti mọ̀ látìgbà tí wọ́n ti wọ ẹgbẹ́ ni, ó kàn fẹ̀ sí i lápá kan. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Yéè! Àga òfo! Ta ló kú?"

"Èmi ni mo ni àga yẹn," Mọ́nsúrátù wí. "Mi ò kú. Mò ń wò ọ́."

Ẹ̀rín bú ṣẹ́kẹ́. Ó dúró kó lọ sílẹ̀, ó sì sọ èyí tó kù láìfi bò. Ó ní òun ló gbàgbé àga náà síbẹ̀. Òun náà ló gé e kúrò, torí ìgbéraga àti torí ìtìjú, tí òun sì gé ìgbọ̀nwọ́ Bàrúwà mọ́ ọn, ẹni tí òun yóò lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ Ajé lòun ti ń bú ìgbìmọ̀, pé kí wọ́n dárí jì òun. "Mo máa ń sọ fún yín pé fótò mi kì í lábùkù. Ó lábùkù. Ẹ wò ó dáadáa, àbùkù ọ̀hún nìyẹn."

Ayọ̀dàmọ́lá fẹ àwòrán náà títí báàgì àti òdòdó fi hàn kedere. Ó tún sún un sí àyà Oyèwọlé, ó fi òdòdó tibẹ̀ hàn wọ́n, ó padà sórí báàgì. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Mákindé ò tilẹ̀ pe ìbò. Ó mú bírò, ó fa ìwé orúkọ sọ́dọ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ Mọ́nsúrátù bóyá àmì òkè ló wà lórí "Mọ́n". Ìgbà yẹn ni obìnrin náà tó jókòó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sunkún, kò sì wá ohunkóhun fi nu ojú.

Wọ́n ṣe ẹlẹ́yà rẹ̀ o, ẹ má rò pé wọn ò ṣe é. Ọkùnrin kan tí Mọ́nsúrátù ti ní kó lọ tún fìlà dé lẹ́ẹ̀mẹta rí ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ara mábù náà pé, "ẹni tó gbàgbé àga." Mọ́nsúrátù rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Wọ́n pe Bàrúwà lórí fóònù, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ hàn án, ó sì kí i káàbọ̀.

Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ tú ká nígbà tí Ayọ̀dàmọ́lá wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́nsúrátù pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan. Ó fẹ́ fi inú kan tún nǹkan ṣe.

"Màmá, a fẹ́ tẹ fótò yìí tóbi, ká gbé e kọ́ sókè mábù náà. Ṣé ẹ ní fótò ara yín tí ẹ yà lọ́dún yẹn? Mo lè fi kọ̀ǹpútà gbé yín jókòó sórí àga náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ẹ dìde rí. Kò ní lábùkù kankan mọ́."

Mọ́nsúrátù wo àga náà lórí ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ló jẹ́ lọ́jọ́ náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rẹwà, ì bá wù ú kí àwọn ènìyàn rí i. Ó fi ìka méjì gbé àgbọ̀n Ayọ̀dàmọ́lá sókè kó lè wo ojú òun.

"Fi àga náà sílẹ̀ bó ṣe wà," ó ní. "Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹni tó ni ín, ẹ sọ fún un pé ó dìde lọ ṣiṣẹ́ ni."